Ẹrù inú "charge": bí a ṣe ń mọ ìtumọ̀ tó gbé wá àti ọ̀rọ̀ tó lè rọ́pò rẹ̀

Nínú ìwé pẹlẹbẹ tí àwọn ọmọ wa fi ń múra ìdánwò JAMB sílẹ̀, ẹ ó bá ìlà kan pàdé tó lọ báyìí: charge, fee, accuse, attack, load, care. Ọmọ kan á há a sórí ní Ìsánlú, òmíràn á há a sórí ní Ìyàrà. Ọjọ́ ìdánwò á dé, wọ́n á fún un ní gbólóhùn kan tí charge wà nínú rẹ̀, wọ́n á ní kó mú ọ̀rọ̀ tó súnmọ́ ọn jù ní ìtumọ̀. Mẹ́ta nínú mẹ́rin tí wọ́n tò síwájú rẹ̀ á wà nínú ohun tó há sórí. Kò ní mọ èyí tí yóò mú, kì í sì í ṣe pé kò kàwé.

Ohun tí ìlà yẹn kò sọ fún un ni pé ọ̀rọ̀ kì í ní ojúgbà. Ìtumọ̀ ló ń ní ojúgbà. Ìtumọ̀ kan ṣoṣo lára ìtumọ̀ charge ni fee bá dọ́gba. Accuse bá òmíràn dọ́gba. Fee àti accuse fúnra wọn kò mọ ara wọn rí. Nítorí náà, kí a tó máa wá ọ̀rọ̀ tí yóò rọ́pò charge, a ní láti kọ́kọ́ mọ charge wo ló wà níwájú wa.

Akẹ́kọ̀ọ́ ni mo ń bá sọ̀rọ̀, àti òbí tó ń jókòó tì í lálẹ́, àti ẹni tí kò ní ìdánwò kankan níwájú ṣùgbọ́n tó ń gbọ́ ọ̀rọ̀ náà lẹ́nu báǹkì, ọlọ́pàá àti ilé ìwòsàn. Charge ni mo mú nítorí pé ó ti di tiwa: a ń ṣáàjì fóònù, ẹni tó ń ṣe POS ń ṣáàjì wa. Ẹni tó bá mọ bí a ṣe ń tú u lè fi ọ̀nà kan náà tú run, take tàbí set. Set ló le jù nínú wọn. Nínú ẹ̀dà kejì ìwé atúmọ̀ èdè ńlá ti Oxford, tó jáde ní 1989, ìtumọ̀ tí wọ́n kọ fún un lé ní 400.

Ìgbésẹ̀ kìíní: ẹ wá ẹrù náà

Charge kì í ṣe ọmọ bíbí Gẹ̀ẹ́sì. Látìnì ló ti wá. Carrus ni kẹ̀kẹ́ tí wọ́n fi ń kó ẹrù. Carricare ni kí a di ẹrù lé e lórí. Àwọn Faransé yí i padà sí chargier. Nígbà tí àwọn ará Normandy ṣẹ́gun ilẹ̀ England ní 1066, èdè Faransé di èdè ààfin àti èdè kóòtù níbẹ̀, ọ̀pọ̀ ọ̀rọ̀ bí èyí sì gba ibẹ̀ wọ inú Gẹ̀ẹ́sì. Car, carry àti cargo jẹ́ mọ̀lẹ́bí rẹ̀. Caricature náà wà lára wọn, ìyẹn àwòrán ẹ̀fẹ̀ inú ìwé ìròyìn. Láti Ítálì ni ìyẹn ti wá: ẹni tó yà á ti di ẹrù lé imú tàbí etí olóṣèlú náà ju bí Ọlọ́run ṣe dá a lọ.

Ẹrù ni gbòǹgbò rẹ̀, nígbà náà. Ẹ wo alááru ní ìdíkọ̀ Kàbà: ẹnì kan wà tó di iṣu náà, iṣu wà nílẹ̀, ẹni tí wọ́n gbé e rù sì wà. Nígbàkígbà tí charge bá yọjú, ẹ bi í ní ìbéèrè mẹ́ta yẹn: ta ló di ẹrù, kí ni ẹrù náà, ta ló rù ú? Bí ẹrù bá jẹ́ owó, oníbàárà ló rù ú. Bí ó bá jẹ́ ẹ̀sùn, afurasí ni. Bí ó bá jẹ́ iná mànàmáná, bátìrì ni. Bí ó bá jẹ́ ẹ̀tù, ìbọn ni. Bí ó bá jẹ́ àbójútó, ẹni tí wọ́n fi ṣe olórí ni.

Àwa tí a ń sọ Yorùbá tilẹ̀ ní àǹfààní níbí ju ọmọ Gẹ̀ẹ́sì lọ, torí òun ti gbàgbé kẹ̀kẹ́ ẹrù náà tipẹ́. Àwa ṣì ń di ẹ̀bi ru ènìyàn. Ohun tí wọ́n bá fi lé wa lọ́wọ́ láti bójú tó, ẹrù iṣẹ́ là ń pè é. Bí owó bá pọ̀ jù, a ní ó wúwo.

Ìgbésẹ̀ kejì: ẹ wo ọ̀rọ̀ kékeré tó tẹ̀lé e

Ọ̀rọ̀ atọ́kùn ló máa ń tú àṣírí charge. For fẹ́rẹ̀ẹ́ máa ń mú owó wá ní gbogbo ìgbà: they charged us for the water. At ń mú ìkọlù wá: the dog charged at the child. Of, tí in charge bá ṣáájú rẹ̀, àbójútó ló ń mú wá. To ń sọ orúkọ ẹni tí wọ́n máa kọ gbèsè náà sí: charge it to the school.

With ni kí ẹ ṣọ́ra fún. The police charged him with theft: ẹ̀sùn ni. The church charged her with organising the harvest: iṣẹ́ ni, wọ́n fi ètò ìkórè lé e lọ́wọ́. With kan náà, charge kan náà, ṣùgbọ́n accuse kò lè dé inú gbólóhùn kejì láìba orúkọ arábìnrin náà jẹ́. Entrust ló yẹ ibẹ̀. Ohun tó tẹ̀lé with ni kí ẹ wò. Bí ó bá jẹ́ ohun tí ènìyàn lè tìtorí rẹ̀ ṣẹ̀wọ̀n, ẹ̀sùn ni. Bí ó bá jẹ́ ohun tí wọ́n lè tìtorí rẹ̀ kí i kú iṣẹ́, entrust ni.

Tí charge bá jẹ́ ọ̀rọ̀ orúkọ, ọ̀rọ̀ ìṣe tó ṣáájú rẹ̀ ni kí ẹ wò. Press charges, drop the charges, deny the charge: ẹ̀sùn. Pay the charges: owó. Take charge: àbójútó.

Ìgbésẹ̀ kẹta: tó bá jẹ́ owó

Ibí ni ọ̀rọ̀ ti pọ̀ jù, ibí náà ni a ti ń ṣi wọ́n lò jù.

Charge gan-an ni owó tí ẹnì kan gbà fún iṣẹ́ tó bá yín ṣe. Ẹni tó ń ṣe POS ní Mọ̀pà tàbí ní Ẹ̀gbẹ̀ kò ta ọjà kankan fún yín. Owó yín náà ló kó lé yín lọ́wọ́, ó wá yọ díẹ̀ fún wàhálà rẹ̀. Charge ni ìyẹn, kì í ṣe price. Price wà fún ọjà, ohun tí ẹ lè gbé lọ sílé. Cost ni ohun tí ó ná ẹni tó rà á tàbí ẹni tó ṣe é. Mẹkáníìkì lè sọ pé: The part cost me eight thousand, so I charged her twelve. Ẹ fi cost sí ipò charge nínú gbólóhùn yẹn kí ẹ sì wò ó, kò ní yé ẹnikẹ́ni mọ́.

Fee ni owó tí a ń san fún amọṣẹ́, tàbí fún ẹ̀tọ́ láti wọ ibì kan: owó lọ́yà, owó ilé-ìwé, owó ìforúkọsílẹ̀ ìdánwò. Fare ni owó ọkọ̀, kò sì sí owó mìíràn tó ń jẹ́ bẹ́ẹ̀. Láti Kàbà sí Lọ́kọ́jà, fare ni ẹ san. Bí ọmọ bá kọ transport fee sínú àròkọ, ó máa yé ẹni tó ń kà á, ṣùgbọ́n fare ni olùdánwò ń wá. Nígbà tó bá di ọ̀rọ̀ ìṣe ni charge máa padà wọlé, torí fare kò ní ọ̀rọ̀ ìṣe tó bá ìtumọ̀ yìí mu: the driver charged us too much. Toll ni owó tí a ń san lójú ọ̀nà tàbí lórí afárá. Rent ni owó ilé. Tariff ni iye tí wọ́n ti tò kalẹ̀ ṣáájú, bí iye tí ilé iṣẹ́ mànàmáná ń gbà lórí ìwọ̀n iná kọ̀ọ̀kan. Fine ni owó ìtanràn: kò sẹ́ni tó ṣe iṣẹ́ kankan fún yín, ìjìyà ni. Bill ni ìwé tó sọ iye tí ẹ jẹ. Bí ọmọ bá gbé bill wálé, kò tí ì sí ẹni tó san kọ́bọ̀.

Levy yàtọ̀ sí gbogbo wọn, ẹ̀yin ará Okun, ìyẹn àwa Yorùbá ìpínlẹ̀ Kogí, sì mọ̀ ọ́n dáadáa, torí kò sí ẹgbẹ́ ìdàgbàsókè ìlú tí kì í bù ú. Levy ni owó tí ìjọba tàbí ẹgbẹ́ bù lé gbogbo ènìyàn, yálà wọ́n ṣe nǹkan fún ọ lónìí tàbí wọn kò ṣe é. Ẹ wo ohun tó máa ń ṣẹlẹ̀ lórí fóònù. Nínú ìlànà owó iṣẹ́ tí Báǹkì Àpapọ̀ Nàìjíríà gbé kalẹ̀ fún àwọn báǹkì ní 2020, ẹni tó bá fi owó ránṣẹ́ látorí ẹ̀rọ yóò san ₦10 bí owó náà kò bá ju ₦5,000 lọ, ₦25 bí ó bá wà láàárín ₦5,001 sí ₦50,000, àti ₦50 bí ó bá jù bẹ́ẹ̀. Charge nìyẹn, àwọn tó ṣe iṣẹ́ náà ló gbà á. Òfin ìnáwó ọdún 2020 kan náà tún dá ₦50 mìíràn sílẹ̀ lórí owó tó bá tó ₦10,000 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Levy ni òfin náà pè é nígbà náà, ìjọba ló sì ń lọ sọ́dọ̀. Ẹni tó bá wá ń pariwo pé báǹkì jí owó òun, kó kọ́kọ́ ka orúkọ tí wọ́n kọ síwájú owó kọ̀ọ̀kan.

Ní ti ọ̀rọ̀ ìṣe, ojúgbà charge tó rọrùn jù ni ask, àwọn ọmọ wa kì í sì í rántí rẹ̀: How much are they asking for the yams? Bill náà lè jẹ́ ọ̀rọ̀ ìṣe. Ẹ má fi price ṣe é. Ní Gẹ̀ẹ́sì tiwa ní Nàìjíríà, to price ni kí a ná ọjà, ṣùgbọ́n haggle tàbí bargain ni olùdánwò máa gbà.

Overcharge ni kí wọ́n gba owó tó ju bó ti yẹ lọ. Surcharge ni àfikún lórí owó tí a ti mọ̀ tẹ́lẹ̀. Nínú iṣẹ́ ìjọba, wọ́n tún ń lò ó bí òṣìṣẹ́ bá fi àìbìkítà sọ owó ìjọba nù tí wọ́n ní kó san án padà. Free of charge, without payment, at no cost: ọ̀kan náà ni mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. For kì í ṣáájú free of charge. They treated him free of charge, ó parí.

Ìgbésẹ̀ kẹrin: tó bá jẹ́ ẹ̀sùn

Òfin ló mú ìyàtọ̀ wá níbí, ẹni tí kò mọ ìyàtọ̀ náà lè jìyà rẹ̀ ní tòótọ́, kì í ṣe nínú ìdánwò nìkan.

Suspect ni kí a fura sí ènìyàn. Ó lè má kúrò nínú ọkàn. Allege ni kí a sọ ọ́ síta láìtíì fi ẹ̀rí hàn, ìdí sì nìyí tí àwọn oníròyìn fi fẹ́ràn alleged: wọn kò fẹ́ kí wọ́n pe àwọn náà lẹ́jọ́. Accuse ni kí a nàka sí ènìyàn pé ìwọ lo ṣe é. Aládùúgbò lè accuse yín, ìyàwó ilé lè ṣe bẹ́ẹ̀, ọmọdé pàápàá lè ṣe é. Charge ni kí aláṣẹ kọ ẹ̀sùn náà sílẹ̀ lábẹ́ òfin. Arraign ni kí wọ́n mú ènìyàn wá síwájú adájọ́, kí wọ́n ka ẹ̀sùn náà sí i létí, kó sì dáhùn bóyá òun jẹ̀bi tàbí òun kò jẹ̀bi. Convict ni kí adájọ́ dá a lẹ́bi.

Nítorí náà, My neighbour charged me with stealing his yams kò tọ̀nà, àfi bí aládùúgbò náà bá jẹ́ agbẹjọ́rò ìjọba. Accused me of stealing ni. Ẹ tún ṣàkíyèsí atọ́kùn: accuse ń mú of, charge ń mú with. Accused with jẹ́ àṣìṣe tí a ń gbọ́ lẹ́nu àwọn ènìyàn ńlá lórí rédíò. Indict wà nítòsí charge, ṣùgbọ́n nínú ìròyìn tiwa, ìgbìmọ̀ ìwádìí ló sábà máa ń indict ènìyàn, ìyẹn ni pé ìwádìí wọn kàn án. Ó lè má dé kóòtù láé. Blame kò ní òfin nínú rárá.

Ìwé Òfin Nàìjíríà ti 1999 lo ọ̀rọ̀ yìí ní ibi tó yẹ kí gbogbo ilé mọ̀. Ní abala 35, ẹni tí wọ́n bá mú gbọ́dọ̀ gbọ́ ìdí tí wọ́n fi mú un, nínú ìwé, láàárín wákàtí 24, ní èdè tó gbọ́. Bí kóòtù tó ní agbára bá wà láàárín kìlómítà 40, wọ́n gbọ́dọ̀ gbé e débẹ̀ láàárín ọjọ́ kan. Bí kò bá sí, ọjọ́ méjì, tàbí iye àkókò tí kóòtù bá rí i pé ó bójú mu. Ẹni tó wà ní ìletò kan lọ́hùn-ún ní Bùnú yẹ kó mọ èyí. Abala 36 náà lo charged: ẹni tí wọ́n bá charge pẹ̀lú ẹ̀ṣẹ̀ ọ̀ràn ní ẹ̀tọ́ láti mọ ohun tí ẹ̀sùn náà jẹ́, ní kíkún, ní èdè tó gbọ́. Bí kò bá gbọ́ èdè tí kóòtù ń lò, ògbufọ̀ wà fún un without payment. Àwọn tó kọ òfin náà yẹra fún free of charge ní ibẹ̀, bóyá torí pé charge ti ń ṣe iṣẹ́ mìíràn nínú abala kan náà.

Bí ìyá arúgbó bá wà ní àgọ́ ọlọ́pàá nítorí ọmọ rẹ̀, ìbéèrè tó yẹ kó bi wọ́n kò le: Has he been charged? Bí wọ́n bá ní rárá, ìwádìí ló ṣì wà níbẹ̀. Bí wọ́n bá ní bẹ́ẹ̀ ni, agbẹjọ́rò ló kàn.

Ìgbésẹ̀ karùn-ún: tó bá jẹ́ ìbọn tàbí bátìrì

Mo fi méjèèjì sójú kan nítorí pé ọ̀kan bí èkejì. Ìwọ̀n ẹ̀tù tí ọdẹ kì sínú ìbọn ṣakabùlà fún ìyìn ẹ̀ẹ̀kan ni Gẹ̀ẹ́sì ń pè ní a charge. To charge the gun ni kí a kì í, to discharge it ni kí a yìn ín. Ní ọ̀rúndún kejìdínlógún, nígbà tí àwọn ènìyàn bí Benjamin Franklin ní Amẹ́ríkà ń wádìí iná mànàmáná, ọ̀rọ̀ àwọn oníbọn ni wọ́n yá lò. Franklin so àwọn ìgò tó ń gba iná pọ̀ ní ọ̀wọ́ọ̀wọ́, ó sì pè wọ́n ní battery, orúkọ tí àwọn ológun ń pe ọ̀wọ́ ìbọn àgbá. Ìdí nìyẹn tí a fi ń charge battery títí dòní.

Ní ti ìbọn, load ni ojúgbà charge. Ní ti fóònù, kò sí ojúgbà kankan tó ní láárí. Bí ìdánwò bá fún yín ní gbólóhùn fóònù tó sì tò fee, accuse, care àti load sílẹ̀, load ló súnmọ́ ọn jù. Recharge tí à ń lò fún káàdì ìpè, top up ni àwọn Gẹ̀ẹ́sì ń sọ.

Ẹni tó ń ṣe físíìsì ní ìtumọ̀ mìíràn láti mọ̀: charge ni ìwọ̀n iná tí ohun kan gbé, coulomb ni a fi ń wọ̀n ọ́n, ó sì lè jẹ́ positive bíi ti proton tàbí negative bíi ti electron. Bátìrì fóònù tí wọ́n kọ 5,000 mAh sí lára, charge ni wọ́n kọ yẹn. Ó jẹ́ ampere márùn-ún fún wákàtí kan, wákàtí kan sì jẹ́ ìṣẹ́jú àáyá 3,600, èyí tó mú un jẹ́ coulomb 18,000. Volt kì í ṣe charge.

Ìgbésẹ̀ kẹfà: tó bá jẹ́ àbójútó

Ọ̀rọ̀ kékeré kan, the, lè sọ olórí di ọmọ ọwọ́. The matron is in charge of the babies: matron ni olórí. The babies are in the charge of the matron: àwọn ìkókó ni wọ́n ń tọ́jú. Ẹni tó bá kọ the matron is in the charge of the babies ti fi matron lé àwọn ìkókó lọ́wọ́. Ojúgbà èyí àkọ́kọ́ ni responsible for tàbí heading. Ojúgbà èkejì ni in the care of. Custody náà súnmọ́ ọn, ṣùgbọ́n ó ní àgọ́ ọlọ́pàá tàbí kóòtù nínú, nítorí náà ẹ má fi í sọ̀rọ̀ ọmọ tó wà lọ́dọ̀ ìyá àgbà rẹ̀ fún ìsinmi.

Ní àwọn ilé ìwòsàn wa, wọ́n ti sọ in-charge di orúkọ ènìyàn: The in-charge has not come. Ó yé gbogbo wa. Nínú ìwé, the officer in charge ni kí ẹ kọ.

Take charge ni kí a gba ìṣàkóso: take over, assume control. Ní ọjọ́ 1 oṣù kìíní 1900, ní Lọ́kọ́jà níbí, Lugard took charge of Northern Nigeria lọ́wọ́ ilé iṣẹ́ Royal Niger Company. Ẹ fi assumed control of rọ́pò rẹ̀, kò sí ohun tó yí padà.

Àwọn oníṣọ́ọ̀ṣì mọ ẹ̀ka kan sí i. Nígbà tí wọ́n bá ń fi òjíṣẹ́ Ọlọ́run jẹ, àgbà kan á dìde láti fún un ní charge: ìmọ̀ràn tó ní àṣẹ nínú. Exhortation tàbí instruction ni ojúgbà rẹ̀. Psalmu 91, ẹsẹ 11, tí ọ̀pọ̀ nínú wa mọ̀ lórí, lo charge nínú Bíbélì Gẹ̀ẹ́sì àtijọ́. Àṣẹ ni Bíbélì Yorùbá fi sí ibẹ̀, ó sì tọ́ bẹ́ẹ̀.

Ìgbésẹ̀ keje: tó bá jẹ́ ìkọlù

Èyí kò gùn. Láyé àtijọ́, to charge a weapon ni kí a na ọ̀kọ̀ tàbí bẹ́yónẹ́ẹ̀tì síwájú láti fi gún ọ̀tá. Látibẹ̀ ló ti di kí a sáré kọlu ènìyàn. Rush at ló súnmọ́ ọn jù. Attack gbòòrò jù ú lọ, torí ènìyàn lè fi ẹnu tàbí ìwé attack ẹlòmíràn láìdìde lórí ìjókòó. Storm ni kí a ya wọ ibì kan pẹ̀lú agbára. Raid ni kí a ya bá ìlú, kí a kó ẹrú àti ohun ìní, kí a sì padà sílé. Àwọn baba ńlá wa mọ ìyàtọ̀ náà dáadáa: Nupe raided ilẹ̀ wa léraléra ní ọ̀rúndún kọkàndínlógún, ṣùgbọ́n ẹṣin tó lè charge ní pẹ̀tẹ́lẹ̀ kò lè charge gun òkè àpáta, ìyẹn sì wà lára ìdí tí àwọn ènìyàn fi tẹ̀dó sórí òkè.

Ìgbésẹ̀ kẹjọ: bí dis- bá ṣáájú

Discharge ni kí a sọ ẹrù kalẹ̀. Dókítà discharge aláìsàn, ó ń lọ sílé. Ojú egbò ń discharge, ọyún ń jáde. Òṣìṣẹ́ discharge iṣẹ́ rẹ̀: ó ṣe é parí, perform ni ojúgbà rẹ̀, kì í ṣe pé ó sá kúrò níbẹ̀. Ní kóòtù, ẹ dúró kí ẹ gbọ́ gbólóhùn náà tán. Bí adájọ́ bá ní discharged nìkan, wọ́n ṣì lè tún gbé ẹ̀sùn náà dìde. Bí ó bá ní discharged and acquitted, ọ̀rọ̀ náà ti parí, wọn kò lè tún tìtorí ẹ̀ṣẹ̀ kan náà pè é lẹ́jọ́, bí kóòtù tó ga ju ìyẹn kò bá yí ìdájọ́ náà padà.

Ìgbésẹ̀ kẹsàn-án: ẹ fi ọ̀rọ̀ náà rọ́pò, kí ẹ kà á sókè

Lẹ́yìn tí ẹ bá ti mọ ẹrù náà, ẹ gbé ọ̀rọ̀ tí ẹ mú sínú gbólóhùn, kí ẹ kà á jáde lẹ́nu. Bí ẹ bá ní láti yí atọ́kùn padà kí ó tó dùn, ìtumọ̀ lè bára mu, ṣùgbọ́n nínú ìdánwò, ẹ tún wo àwọn yòókù. Ẹ gbìyànjú lórí àwọn wọ̀nyí pẹ̀lú ọmọ yín.

The ram lowered its head and charged. Kò sí atọ́kùn kankan níbẹ̀, àgbò ló sì wà nídìí rẹ̀; rushed ni. Who has charge of the keys to the hall? Àbójútó: custody lè dé ibí, torí ohun ni kọ́kọ́rọ́, kì í ṣe ọmọ. The hunter used too heavy a charge. Ẹ̀tù ni, load. He denied the charge. Allegation lè rọ́pò rẹ̀ bí kò bá sí kóòtù nínú ìtàn náà. The committee was charged with finding the money. Ọ̀pọ̀ ọmọ á sáré mú accused nítorí pé wọ́n rí owó, entrusted ni. The meeting was charged. Èyí ni wọ́n fi ń dẹ pàkúté fún wọn: ara àwọn tó wà níbẹ̀ ti le, ìjà ti fẹ́ bẹ́ sílẹ̀, bí afẹ́fẹ́ tí iná mànàmáná kún. Tense ni ìdáhùn.

Bí wọ́n bá wá béèrè òdìkejì, ọ̀nà kan náà ni. Òdìkejì charge ti ẹ̀sùn ni acquit tàbí clear. Ti bátìrì ni drain. Ti ìkọlù ni retreat. Ti ìpàdé tó le ni calm. Ti owó ló máa ń rú wọn lójú, wọ́n á mú pay. Pay kì í ṣe òdìkejì rẹ̀, ẹnì kan náà tí wọ́n charge ló ń san án. Waive ni: kí ẹni tó ní ẹ̀tọ́ láti gba owó náà sọ pé òun kò gbà á mọ́. The school waived the fee for the orphans.